Lọ́yà Tí Ó Ń Lọ Wá Òkúta ní Èkìtì

Dópèmú,
Ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó le.

Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí, tí mo sì tún ń kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀,

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni wàá kọ́kọ́ rín nígbà tí o bá rí i pé ìwé ni mo kọ, tí kì í ṣe ohùn ni mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Màmá rẹ ti rín tirẹ̀. Ó ní ṣé ìwé ìhágún ni mo ń kọ ni, tí mo fi gba gbogbo tábìlì ìjẹun. Mo ní rárá o, n kò tíì ń lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ló gùn, bí mo bá sì sọ ọ́ lórí fóònù, wàá máa já lu ọ̀rọ̀ mi bí ìṣe ẹ̀yin lọ́yà. Nínú ìwé yìí, èmi nìkan ni adájọ́. Jókòó, fara balẹ̀, kí o kà á tán kí o tó ṣàtakò.

O kú oríire ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tí ó jẹ́ pé òfin ni o kà, tí o fi ọdún mẹ́sàn-án yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Aláúsá, ni o jókòó láàrin àwọn tí wọ́n ti mọ orúkọ òkúta láti kékeré, tí o kọ́ bí a ti ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tí o sì yege. Ilé iṣẹ́ tí o ń bá ka ìwé àdéhùn wọn ti wá ní kí o lọ máa bójú tó àgọ́ ìwákiri wọn lápá Ìjerò. Àjíkẹ́, inú mi dùn dé ibi tí ó fi ń yọ Màmá rẹ lẹ́nu. Nínú ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀rọ̀ kòtò àti ọ̀rọ̀ iná ló wà nílẹ̀. Èmi ni mo dìde, tí mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́. Alága ní ṣé ọ̀rọ̀ náà kan kòtò ni. Mo ní ó kàn án, nítorí pé ọmọ mi ti mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kòtò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì padà sí ọ̀rọ̀ iná.

Àfi bí o ṣe pè mí lọ́sàn-án àná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

“Dádì, mo fẹ́ dá lẹ́tà iṣẹ́ yẹn padà.”

Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀.

“Dádì, àwọn méje tó wà ní àgọ́ yẹn, jiọ́lọ́jì ni gbogbo wọn kà ní yunifásítì. Èmi nìkan ni lọ́yà. Tí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni jàre.”

O ní títí di ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fún ọ láti fèsì. O ní o ti kọ èsì náà, ó kù kí o tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. N kò lè dá ọ lóhùn nígbà náà, nítorí ohun tí ó yẹ kí n sọ fún ọ, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ẹ̀yin ọmọ. Ojú ló ń tì mí. Mo ti bá ọlọ́kadà tí ń gbé ẹrù sọ̀rọ̀, yóò gbé ìwé yìí dé ilé rẹ ní Ìkẹjà kí ọjọ́ ọ̀la tó ṣú. Mo bẹ̀ ọ́, má tẹ nǹkan kan ránṣẹ́ títí wàá fi kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ kìíní tí mo ní fún ọ nìyí: má ṣe sọ pé o mọ ohun tí o kò mọ̀.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Òrégùn, ní ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe àwo tánganran. Ìgbà tí ẹ̀yin ọmọ fi máa gbọ́njú, èmi ni ọ̀gá tí ń yẹ òkúta wò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹ rò pé wọ́n bí mi mọ́ iṣẹ́ náà ni. Wọn kò bí mi mọ́ ọn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo dé láti Èkìtì, ohun tí mo sì mọ̀ nípa òkúta kò ju pé ó máa ń ba ẹnu ọkọ́ jẹ́ lóko ìyá mi. Iṣẹ́ sítọ̀ ni wọ́n gbà mí sí, kí n máa ka àpò, kí n máa gbálẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, tírélà kan wá já òkúta funfun kan tí wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ amọ̀ àwo sílẹ̀. Sàká ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú sáńpù, ìyẹn díẹ̀ tí wọn yóò fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò, nínú òkúta lọ sí láàbù. Ibà dá a dúbúlẹ̀ ní ọjọ́ náà, kò wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní sítọ̀ wá yíjú sí mi.

“Ará Èkìtì, ṣó o mọ bí wọ́n ṣe ń mú sáńpù?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

N kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Sàká máa ń kó òkúta díẹ̀ sínú tíréè ni, ó sì máa ń gbé e lọ fún ọ̀gá láàbù, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí gbogbo wa ń pè ní Alájà. Mo wá ronú lọ́nà tí wọ́n fi kọ́ mi nílé. Nílé wa, bí a bá máa gbé nǹkan síwájú àgbà, èyí tó dára jù là ń gbé. A kì í fi iṣu tó kẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́. Mo gun orí òkìtì òkúta náà, mo ṣa mẹ́fà tí ó funfun jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo ní ṣé báyìí ni n óò ṣe gbé e lọ fún ìyá àgbà. Mo kó wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, Àjíkẹ́. Mo fi kànìnkànìn ha ara wọn, mo sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì mi nù wọ́n gbẹ. Mo tò wọ́n sínú tíréè bí ẹyin. Alájà ń kírun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí mo dé láàbù, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì rọra jáde.

Alájà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ó dára, ó buwọ́ lùwé. Wọ́n lọ òkúta, wọ́n pò ó, wọ́n mọ àwo, wọ́n kó o sínú ààrò. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ààrò ni gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́ igbe. Kò sí àwo kan ṣoṣo tó funfun. Gbogbo wọn ló rí tó-tò-tó bí ìyẹ́ ẹtù. Ẹrẹ̀ pupa tí mo fọ̀ dànù lára òkúta mẹ́fà yẹn wà lára gbogbo òkúta yòókù, irin sì ni ó wà nínú rẹ̀. Iná ló fi í hàn.

Máníjà pe gbogbo wa sẹ́nu ààrò. Alájà mú àwo kan dání, ó ní, “Ta ló mú sáńpù yìí?”

Gbogbo ojú yí sí Sàká. Sàká ní ara òun kò yá ní ọjọ́ náà, máníjà ní kí ló kan òun, ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni, kí ó lọ kó ẹrù rẹ̀. Alájà tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo ọ̀gá sítọ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo wo Sàká. Ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Alájà béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

“Èmi ni, mà.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìgbà tí mo ti ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, mo ní kí n kúkú wọ̀ ọ́ tán. Mo ní, “Mo sì tún fọ̀ ọ́, mà.”

“O fọ kí ni?”

“Òkúta náà, mà.”

“Omi lo fi fọ̀ ọ́?”

“Omi àti ọṣẹ, mà.”

Bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi. Àwọn tó ń gbé amọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Máníjà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ, kí n má wẹ̀yìn. Alájà ló dá a dúró. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, jàre. Ẹni tó lè dúró níwájú gbogbo wa yìí, kó sọ pé òun fi ọṣẹ fọ òkúta, kò tún ní lè purọ́ fún mi mọ́ láyé.”

Bí mo ṣe di ọmọ láàbù nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, Alájà mú mi lọ sídìí òkìtì òkúta mìíràn. Ó ní, “Gbọ́ dáadáa. Sáńpù kì í ṣe ẹ̀bùn tí à ń gbé fún àgbà. Ẹlẹ́rìí ni. Kó o mú lókè, kó o mú láàrin, kó o mú nísàlẹ̀, kó o mú èyí tó burẹ́wà mọ́ ọn. Má bá a dirun, má bá a kun àtíkè.” Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọ̀rọ̀ yẹn fi bọ́ mi. Òun ló bọ́ ìwọ náà, òun ló san owó ilé ìwé rẹ.

Abèèrè kì í ṣìnà. Bí àwọn méje yẹn bá sọ ohun tí kò yé ọ, béèrè lójú ẹsẹ̀. Sọ fún wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kò yé mi, ẹ tún un sọ.” Wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í ba àwo jẹ́ nínú ààrò. “Mo mọ̀ ọ́n, sà” ló bà á jẹ́.

Ìkejì: mú ẹ̀kọ́ lọ́yà rẹ dání lọ síbẹ̀, má fi sílé. O rò pé ó jẹ́ àbùkù sí ọ. Ta ló tún mọ ẹlẹ́rìí tó ìwọ? Àwọn tó mọ orúkọ òkúta pọ̀. Ẹni tí yóò máa béèrè pé ẹ̀rí rẹ dà, ta ló mú un, níbo ló ti mú un, ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń wá, òun ni wọ́n sì rí tí wọ́n fi kọ lẹ́tà sí ọ. Wọ́n mọ̀ pé lọ́yà ni ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ìkẹta kò gùn. Pẹ́ńsù ni kí o máa fi kọ̀wé nínú oko, má lo bírò, torí òjò Èkìtì kì í bẹ̀bẹ̀ kí ó tó rọ̀. Kọ orúkọ ibi tí o ti gbẹ́ sáńpù sára àpò rẹ̀ kí o tó mú ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo ti gbẹ́kẹ̀ lé orí ara mi rí, mo sọ fún ara mi pé n kò lè gbàgbé, mo sì pa àpò méjì pọ̀ mọ́ra wọn kí n tó dé láàbù. Alájà ní kí n padà lọ mú méjèèjì lákọ̀tun, nínú oòrùn. Ra bàtà tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Màmá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé kí o máa mu omi.

Ìkẹrin ni ti àwọn tó ni ilẹ̀. Ìyá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó lè tọ́ka sí ibi tí ọkọ́ yóò ti dún lóko rẹ̀, ó mọ ibi tí òkúta ti ń dán, ó mọ ibi tí omi ti máa ń pupa lẹ́yìn òjò. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èmi gan-an kò béèrè, èèbú ni mo ń bú òkúta náà. Bí o bá dé ibẹ̀, kí àwọn àgbà, kúnlẹ̀ dáadáa bí ọmọ tó nílé, má tẹ ebè ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà kí o tó ṣí máàpù rẹ. Àwọn méje yẹn lè má mọ èyí. Ọmọ Èkìtì ni ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dópèmú ni a bí ọ sí.

Mo wá kan ibi tí ó dùn mọ́ mi jù.

O rántí ìtàn tí o wá sọ fún wa ní pálọ̀ nígbà tí ẹ dé láti oko ìdánwò lẹ́bàá Iléṣà. Olùkọ́ yín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní ìlà kan lórí ilẹ̀, ó ní kí ẹ máa gbẹ́ erùpẹ̀ sínú àpò ní gbogbo àádọ́ta ìṣísẹ̀, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wúrà wà níbẹ̀. O ní àwọn yòókù rí òkúta tó ń dán lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n yà lọ ṣa á. O ní àbàtà wà ní ìparí ìlà tìrẹ, wọ́n ní kí o fò ó, ṣùgbọ́n o wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tí èsì dé, ọgbọ̀n ni àpò rẹ, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú wọn kò ní nǹkan kan. Òdo, òdo, òdo. Tàwọn yòókù ń kọ mànà. Olùkọ́ wá dìde, ó ní, “Ta ló mú sáńpù ìlà kẹrin?”

O ní o rò pé ó fẹ́ bá ọ wí ni. O ní o dìde, o sì dáhùn pé, “Èmi ni, sà.”

Ó ní kí ló dé tí o kò fo àbàtà. O ní, “Ẹ ní ká gbẹ́ ẹ ní gbogbo àádọ́ta ìṣísẹ̀, sà. Àbàtà náà wà nínú rẹ̀.” Olùkọ́ wá sọ fún gbogbo wọn pé ìlà rẹ nìkan ni òun lè gbára lé. Ó ní nǹkan tí àwọn yòókù mú wá, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n òdo rẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fi hàn kedere pé àpò mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn nínú àbàtà kì í ṣe èèṣì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tọ́ka sí pé kí wọ́n tún lọ wò.

Ìwọ ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, Màmá rẹ ń gé ọsàn. Èmi dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo bóyá wọ́n ti ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ omi. Ẹkún ni mo lọ sun. Gbogbo ohun tí mo fi ìtìjú àti ọṣẹ kọ́, ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé mo sọ ọ́ fún un. Ayọ̀ tí ó wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn, n kò ní irú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí o di lọ́yà.

Ó sì tún wá kan ẹ̀bi mi. Nígbà tí o kọ́kọ́ ní o fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo ní ẹni tó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í tún bẹ̀rẹ̀ á-bí-dí. Mo ní òkúta ni mo sá fún ní Èkìtì, ìwọ wá fẹ́ lọ bá a lálejò. Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn. O kàn kó àwo kúrò nílẹ̀. Èmi tí mo fi ọṣẹ fọ òkúta, tí obìnrin kan ṣàánú fún, tí ó sì kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo ń sọ fún ọmọ mi pé ó ti pẹ́ jù. Mo jẹ̀bi, Àjíkẹ́. Má bínú sí mi. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù tí ń bà ọ́ lónìí, díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnu mi ló ti jáde.

Nítorí náà, jẹ́ kí n fi ẹnu yẹn kan náà kó o kúrò. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n lè rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè rẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi fún ọdún kan gbáko, “Ọlọ́ṣẹ” ni wọ́n ń pè mí láti géètì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí tírélà kan tí wọ́n jẹ́ já òkúta rẹ̀ ní Òrégùn tí Ọlọ́ṣẹ kò bá tíì rí i.

Wọ́n fún ọ di ọjọ́ Ẹtì. Pa èsì tí o kọ yẹn rẹ́. Wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò dúró fún òtítọ́ ilẹ̀ náà, yálà ó dùn tàbí kò dùn. O ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí nínú kíláàsì, o sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀. Dìde, kí o dá wọn lóhùn bí o ṣe dá olùkọ́ rẹ lóhùn, bí mo ṣe dá Alájà lóhùn lẹ́nu ààrò.

Màmá rẹ ti ń kó gààrí àti ẹ̀pà sínú àpò fún ìrìn àjò rẹ. Kò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wàá lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Ọlọ́ṣẹ.